Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Kò Sún Mọ́

Àkàngbé ní òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ náà wọlẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta ló ti fi gbé e sáyà, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni méjì ló ránṣẹ́ pè wá sí yàrá rẹ̀ ní Mushin lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Lateefah, tó máa ń gba ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ tà ní ọjà Òtò kí wọ́n tó lé e lọ́jà, àti Rótìmí, ọkọ Mabel tó kú. Rótìmí gbà pé ẹ̀wà Lateefah ló pa ìyàwó òun, ló bá kẹ́yìn sí obìnrin náà. Eṣinṣin ojú gọ́tà ń bà lé àwọn méjèèjì, wọ́n ń fọwọ́ lé e. Ìbẹ́pẹ tí wọ́n là láti ọjọ́ Àìkú wà nítòsí orí Àkàngbé lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀, ó ti ń rà, síbẹ̀ eṣinṣin kan kò bà lé e, èèrà kan kò gùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ tẹnu yín," ni Lateefah wí. "Mi ò fẹ́ bá ọkùnrin yìí pẹ́ nínú yàrá kan."

Orí ewé ni Àkàngbé ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sá ewé dongoyárò sábẹ́ òjìji, tí wọ́n á gún un, tí wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀wà. Kòkòrò á dé, á rìn lórí ẹ̀wà náà síwá sẹ́yìn, á tọ́ ọ wò. Ìkorò náà kò ní jẹ́ kó jẹ ẹ́, kò sì ní jẹ́ kó yé ẹyin sára rẹ̀. Á yíjú padà. "Lílé ló ń lé e, kì í pa á. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ mí ní Òtò nìyẹn."

Lọ́dún tọ́jà yá gan-an, kò rí òjìji tó gba ewé. Ó bá sá a sórí páànù. Ọjọ́ kan péré, ewé ti gbẹ táútáú, inú rẹ̀ dùn. Kò pé oṣù kan tí kòkòrò fi lu ẹ̀wà jálajàla. "Oòrùn ti fa agbára ewé náà tán. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi o, etí mi ló di." Dípò kó sọ fáwọn oníbàárà pé ti ọdún yìí bàjẹ́, ó ra ìgò oògùn apakòkòrò, ó fín in sínú àwọn àpò, ó wá bu ewé díẹ̀ sókè kójú lè rí i.

"Mo bi yín," ni Lateefah wí jẹ́jẹ́. "Mo ní òkú kòkòrò kún ìsàlẹ̀ àpò, ṣebí lílé lewé yín ń lé wọn."

"O bi mí. Mo ní ṣé kí n wá bá wọn sin òkú wọn ni. Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín."

Mabel ra ẹ̀wà náà lọ́wọ́ Lateefah, ó sè é ní Sùúrùlérè, ó jẹ ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

"Ó bu tèmi sínú kúlà," ni Rótìmí sọ, ó kọjú sí ògiri. "Ibi iṣẹ́ ló dá mi dúró."

Àkàngbé ní èyí tó kù ló burú jù. Kí àwọn olórí ọjà tó wá yẹ ìsọ̀ wò lẹ́yìn ikú náà, ó ti lọ ti ìgò náà sábẹ́ bẹ́ńṣì Lateefah. Òun náà ló ní kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Lateefah fi Kùránì búra, ó ń sunkún, Àkàngbé sì ń mi orí bí ẹni tó káàánú. "Mo ní ó pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀fọn kan kò jẹ mí mọ́. Àwọn ará ilé ń kí mi kú oríire. Bí mo bá jókòó, èèrà á ya ọ̀nà fún mi. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á tọ́ mi wò, wọ́n á yíjú padà. Ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọjà pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀wà lu."

Lateefah gbé ọwọ́ lé ẹnu. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ta lẹ tún sọ fún?"

"Ẹ̀yin méjèèjì nìkan."

"Ẹ wọ bàtà. Iwájú àwọn tẹ́ ẹ ti parọ́ mọ́ mi lẹ ó ti sọ ọ́. Òtò là ń lọ."

"Lateefah, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́."

Rótìmí dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ibùsùn, ó fa ọwọ́ aláìsàn náà sórí èjìká ara rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ. Ó yíjú sí obìnrin tí kò kí láti ọdún mẹ́ta, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Àǹtí Lateefah," ló pè é, "ẹ dákun, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn."