Ọ̀wẹ̀ Tí Tíṣà Wá Ṣe Lóko Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge ní Joga, kí orúnkún tó máa dùn mí báyìí… Bólú, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin tó kù náà, ẹ gbọ́.

O ní ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní Ìdí-Ìrókò fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó dáa. Ṣé kí wọ́n tó fi ẹ́ ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì yín ló ti ń wá ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀? …Lẹ́yìn ẹ̀. Hmm.

Bàbá yín àgbà, tíṣà ni. Ó pẹ́ tó ti ń kọjá níwájú ilé wa, kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìgbà tí wọ́n wá ń wá hẹ́dimásítà, tí àwọn alákòóso iléèwé ní àwọn ò ní gbé irú ipò yẹn fún àpọ́n, ìgbà yẹn ló rí i pé mo rẹwà. Ṣé ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní imú ni?

Ó wá tọrọ mi. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ, á wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, á wá kọ ebè lóko bàbá ìyàwó. Bàbá mi ò dá ọjọ́. Màmá mi yọ́ ọ sọ fún mi pé, "Bàbá ẹ fẹ́ kí tíṣà dépò yẹn ná. Ká wò ó bóyá á ṣì wá."

Wọ́n gbọ́ níléèwé pé ó ti ní àfẹ́sọ́nà, wọ́n fi í ṣe hẹ́dimásítà. Bàbá mi ránṣẹ́ sí i: "Ọ̀la ni ọ̀wẹ̀ o."

Ojú mi ò kúrò lọ́nà oko. Gbogbo Joga ti ń pè mí ní ìyàwó hẹ́dimásítà. Bí kò bá wá ńkọ́? Ibo ni mo fẹ́ gbójú sí?

Ó dé. Pẹ̀lú bàtà àti sọ́ọ̀kì, nínú oko! Ebè tó kọ wọ́ bí ejò. Bàbá mi wò ó títí: "Ẹni tí wọ́n kó ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ rèé?" Ṣùgbọ́n ó fi mí fún un.

Títí tó fi kú ni mo ń bi í pé, "Èmi lẹ fẹ́ ni, àbí ipò hẹ́dimásítà?" Á ní, "Ìyá Báyọ̀, bá mi bu omi wá."

Ẹ̀yin ìsinsìnyí, ẹ ń béèrè owó oṣù kí ẹ tó béèrè orúkọ. Bólú, ó yá, pè é. Sọ fún un pé oko iṣu mi ń retí ẹ̀ ní Sátidé.

…Kí ló wí? Pé òun á fowó ránṣẹ́, kí n fi gba alágbàṣe?

Ẹ ṣeun o. Mo ní alágbàṣe, ọmọ mi. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn gan-an ni mo fẹ́ fojú rí.