Olúwa Fi Orin Dá Ọ̀rọ̀ Padà Sí Mi Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, kọ́bọ̀ díẹ̀ la fi ń ra bùrẹ́dì Agége tí ọkùnrin méjì máa jẹ yó. Lónìí, ẹgbẹ̀rún náírà ò kájú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo tún ní ẹnu tí mo fi ń ná an.

Olùdarí orin ni mí. Láyé ìgbà yẹn, èmi ni mò ń kọ orin fún ẹgbẹ́ tíátà wa, tí mo sì ń kọ́ àwọn òṣèré ní ohùn tí kálukú máa gbà. Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bisikíìtì n'Íkẹjà la ti ń ṣe rìhásà. Bí ẹ̀rọ wọn bá ń pariwo, a ó kọrin borí ẹ̀. Ayé dùn nígbà náà!

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlù mí nílé wa l'Ọ́gbà. Ẹsẹ̀ mi padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Mo fẹ́ pe ìyàwó mi, "Màmá Títí", n ò rí i pè! Dókítà ní ká ní sùúrù. Ẹ̀yin ará ìjọ gbààwẹ̀. Nínú ọkàn mi, mò ń bẹ Ọlọ́run fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dúpẹ́ wá kí mi. Ohùn áltò ló máa ń gbà nínú ẹgbẹ́ wa. Ó ti dìyá àgbà báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ò yí padà.

"Ọ̀gá tó máa ń pariwo mọ́ wa títí a ó fi sunkún, ẹ̀yin náà lẹ dákẹ́ báyìí?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàdúrà, Dúpẹ́ wá dá ọ̀kan nínú àwọn orin tí mo kọ fún eré wa. Nígbà tó dé ìlà kejì, ó tún ṣì í níbi tó ti máa ń ṣì í láti ìgbà ọmidan ẹ̀. Ara mi ò gbà á! Mo nawọ́ sókè, mo kọ ọ́ lórin:

"Ó ti lọlẹ̀ jù, Dúpẹ́! Gbé e sókè!"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ gbì. Dúpẹ́ figbe ta: "Jésù, ẹ ṣé o! Ọ̀gá ti ń bá mi jà!"

Láti ọjọ́ náà, orin ni mo fi ń tọrọ omi mu, títí mo fi lè sọ̀rọ̀ láìkọrin mọ́. Ògo ni fún Baba! Ẹ bá wa yọ̀, torí ẹgbẹ́ wa ò tíì tán. Bánjí tó máa ń gba ohùn básì wà l'Ágége, ojú ẹ̀ ló ń dùn ún. Kọ́lá onídùùrù wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ n'Íjẹ̀bú. Dúpẹ́ wà. Èmi náà wà.