Àlàájà Tí Kò Dé Mẹ́kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dá mi lóhùn ná: kí ló ń sọ obìnrin di Àlàájà, Mẹ́kà ni àbí ìbòrí?

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè yìí ò lè jẹyọ. Ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé, gbogbo àdúgbò wa létí ọ̀sà ló máa jáde lọ pàdé rẹ̀. Ó máa fi góòlù sí eyín. Ẹ gbọ́, bí ọ̀rọ̀ ò bá tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín, ó máa rẹ́rìn-ín, kí eyín ṣáà lè hàn... Ṣùgbọ́n ó lọ! Bàbá mi, apẹja ni, kò lọ rí. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi "Àlàájì" pọ́n ọn lé, á ní, "Apẹja ni kẹ́ ẹ pè mí. Ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ayé ìsinsìnyí ńkọ́? Ní Ìkòròdú tí mò ń gbé yìí, tí obìnrin bá ti sanra díẹ̀, tó ra ìbòrí olówó ńlá lọ́jà Itamaga láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti di Àlàájà. Mẹ́kà ti wá sún mọ́ Itamaga ju Ìmọ̀tà ìtòsí wa lọ.

Èmi, ẹja ni mò ń yan tà. Ìyá Sàfù ni wọ́n ń pè mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ Sàfù ọmọ mi. Láti Ìwó ni ìdílé ọkọ ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí à ń pè ní Àǹtí, sáré wá bá mi nídìí ààrò, ó ń fọwọ́ lé èéfín sẹ́yìn.

"Ìyàwó, àwọn tó ń bọ̀ yìí, èèyàn ńlá ni wọ́n o. Àlàájà ni ìyá ọkọ. Mo ti sọ fún wọn pé Àlàájà nìwọ náà."

"Àǹtí! Ìgbà wo ni mo lọ?"

"Ta ló fẹ́ wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ? Ṣáà dìde tí wọ́n bá pè ọ́."

"Ẹja tí mò ń yan ńkọ́?"

"Ẹja la ò ní dárúkọ!"

Mo rò pé ọkọ mi máa gbè mí lẹ́yìn. Ó ní ká má ba ọjọ́ ọmọ jẹ́. Sàfù fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ìdìde lásán ni. Tí wọ́n bá mọ̀ pé Àǹtí parọ́, wọ́n máa fojú ẹ̀gàn wò mí nílé ọkọ."

Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó parọ́ ń rìn kiri, èmi tí mi ò parọ́ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ bẹ̀. Mo kírun, mo rò ó. Mẹ́kà, ilé Ọlọ́run ni. Báwo ni mo ṣe máa ní mo dé ilé Ẹni tó mọ̀ pé mi ò wá? Ṣùgbọ́n tí ìgbéyàwó ọmọ bá tìtorí mi dàrú ńkọ́?

Ọjọ́ pé. Obìnrin tí wọ́n háyà láti darí ètò, oníṣọ́ọ̀ṣì ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun dùn. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún ìyá ìyàwó, Àlàájà gidi, ẹni tó sùn nínú Káábà, tó jí nínú Káábà!"

Ẹ gbọ́... ta ní í sùn níbẹ̀?

Mo dìde lóòótọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú. Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ìmọ̀tà ni mo dé lánàá, mo lọ ra ìrẹsì tí ẹ máa jẹ. Ẹlẹ́ja ni mí. Èmi ni mo bí Sàfù."

Àǹtí fa gèlè bojú. Ọkọ mi ń dọ́gbọ́n húkọ́. Sàfù ò gbójú sókè. Ìyá ọkọ Sàfù bá dìde, ìbòrí rẹ̀ ń dán yinrin, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ní ó parí nìyẹn. Ó dì mọ́ mi, ó fẹnu sí mi létí:

"Ìyá Sàfù, èmi náà ò tíì lọ o. Pápákọ̀ òfurufú ni mo mọ, mo sin ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀ ni. Bí mo ṣe padà dé Ìwó báyìí, wọ́n ní, 'Àlàájà, ẹ kú àbọ̀!' Látìgbà náà, mi ò ríbi sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Ó yíjú sí àwọn èèyàn: "Ọmọ yìí ti di tiwa!" Wọ́n hó yèè. Àǹtí náà hó, ó tiẹ̀ hó ju gbogbo wọn lọ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá ọkọ fà mí sẹ́yìn. "Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ àdúrà mi, ṣé ẹ máa wá jókòó tì mí?"

"Màá wá."

Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ẹ̀yìn ààwẹ̀ di ẹ̀yìn ìkómọ Sàfù... Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò onímọ́tò, ẹ gbọ́ tèmi: aṣọ irọ́ rọrùn láti wọ̀, bíbọ́ rẹ̀ ló ṣòro.

Àìpẹ́ yìí ni ìyá ọkọ Sàfù tó pè mí. Mo wọkọ̀, ó di Ìwó. Bí a ṣe wọlé ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà náà kígbe, "Àlàájà wa dé!" Ìyá ọkọ di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lómi. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lọ rí." Ẹnìkan ní "Háà!" Ìbòrí orí wọn ni àwọn yòókù ń tún ṣe, oníkálukú ń wolẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì í, bí mo ṣe ṣèlérí, títí ó fi sọ ọ́ tán.