Apá Òsì Jíìpù Náà

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, ó sì ti pẹ́. Lónìí ni n ó pọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bo ẹnu mi."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó sọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé aṣọ ló ń rán, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹ̀yìnkùlé àbúrò rẹ̀ ni wọ́n wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Awọnlẹ̀ tó ń bá àwọn onílẹ̀ wọn ilẹ̀ ni àbúrò yìí, ọ̀pá ló sì fi ń rìn látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ẹnì kejì tó wà níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ti jẹ́ wẹ́dà rí, tí wọ́n ń pè ní Iná-ò-jó-mi nígbà tí iná ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní báyìí, géètì ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣí tó ń tì. Jíìpù àtijọ́ kan wà láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tapólì ni wọ́n fi bò ó.

Awọnlẹ̀ ló ránṣẹ́ pe wẹ́dà. Ó ní kí ó wá tún jíìpù tó dá òun lẹ́sẹ̀ jó, kí ó lè mọ̀ pé òun ti dárí jì í tọkàntọkàn. Ó tiẹ̀ ti yá ẹ̀rọ ìjórin sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n bí Iná-ò-jó-mi ṣe di ẹnu ẹ̀rọ náà mú báyìí, kò lè tan iná rẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀. "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi," ló wí. "Ọwọ́ tó ṣe yín léṣe yìí, mi ò lè fi kan irin mọ́." Gbólóhùn yẹn ló gún Àǹtí Abẹ́rẹ́ wọ mùdùnmúdùn. Ó ti ń gbọ́ irú rẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ó sì ń gbé e mì. Ti ọ̀sán yẹn kọ̀, kò ṣe é gbé mì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Onípákó kan ló pè é pé kí ó wá wọn àga òun, kí ó rán ìbòrí fún un. Níbi tó ti ń na okùn ìwọnṣọ ló ti bojú wòta lójú fèrèsé, tó rí jíìpù náà láàárín àwọn pákó tó ti jẹrà. Irú ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún òkè àti ọ̀gbun ni, iwájú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ojú iná rẹ̀ méjèèjì yọ roboto bí ojú ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Adìẹ ń yé lórí ìjókòó awakọ̀. Ìfẹ́ ọkọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni onípákó bi í. "Bí ẹ bá lè gbé e, ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí adìẹ mi pa ọmọ ná o."

Nígbà tí Àǹtí Abẹ́rẹ́ wọ́ ọ délé, àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, jíìpù kì í ṣe ṣòkòtò o. A kì í fi òwú rán an."

Ẹ̀sín yìí ló fún Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní agbára. Nígbà yẹn, kò mọ kábúrétọ̀ tó ń bu epo fún ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi ọwọ́ rẹ̀ rán ẹ̀wù ìgbéyàwó fún obìnrin tí oyún inú rẹ̀ ń yọ sí i lójoojúmọ́, ẹ̀rù kí ni yóò tún bà á? Ó rán àpò kéékèèké fún àwọn nọ́ọ̀tì àti bóòtù ọkọ̀ náà, ó fi òwú pupa kọ ibi tí oníkálukú ti wá sí ara rẹ̀. Èyí tó bá ti dípẹtà tó lẹ̀ mọ́ra, ó da òróró ẹ́ńjìnnì lé e lórí, ó fi í sílẹ̀ kó máa ronú. Orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló ti tú kábúrétọ̀ palẹ̀, oníbàárà kan sì gbé ẹ̀wù rẹ̀ lọ sí òde tòun ti òórùn epo bẹntiróòlù. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ wúkọ́ tó sì dìde, èéfín lé gbogbo ará ilé jáde. Àbúrò rẹ̀ tó ń fi í ṣẹ̀sín ló jó jù lọ lójúde.

"Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí lọ́sàn-án yẹn. "Mo ní ẹni tó jí òkú ẹ́ńjìnnì, kí ló tún kù?"

Abẹ́ ọkọ̀ ló kù. Àwọn irin gbọọrọ méjì tó gba abẹ́ jíìpù kọjá, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ṣáásí, ló gbé gbogbo ara rẹ̀ dúró bí eegun ẹ̀yìn ṣe gbé ènìyàn dúró. Ìpẹtà ti jẹ méjèèjì. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Iná-ò-jó-mi, tí ìsọ̀ rẹ̀ kì í dá nígbà náà, tó máa ń fọ́nnu pé bí irin bá rí òun, á tọ̀ sára. Wẹ́dà jó apá ọ̀tún, ó dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́. Nígbà tó dé apá òsì, ó fi òòlù kàn án, òòlù wọlé.

"Àǹtí, ẹ má tíì wa ọkọ̀ yìí o," ló wí. "Apá ibí yìí ti di búrẹ́dì. N ó gé e kúrò, n ó fi irin tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo ara ọkọ̀ yìí sílẹ̀ kí n tó lè dé ibẹ̀."

Ara ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé! Ara ọkọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní òun gbọ́. Ó wa jíìpù náà padà sílé, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Ó gé aṣọ kánfáàsì, ó fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà, ó fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò dán ojú rẹ̀, ó sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Nígbà tó parí, òun gan-an kò rí ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má sọ pé mi ò mọ̀," ló wí. "Mo mọ̀. Ẹni tó ń fi aṣọ lílẹ̀ jẹun mọ̀ pé aṣọ kì í ṣe irin. Ẹwà ni mo fi ń tan ara mi."

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò rẹ̀ dé pé òun fẹ́ lọ wọn ilẹ̀ kan lórí òkè, àti pé ọkọ̀ òun kò lè gun ibẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yá mi ní ẹṣin yín. Ṣé wẹ́dà ti parí iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀?"

Ó lè sọ pé rárá. Ẹnu rẹ̀ kò wúwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi í ṣẹ̀sín ló wá ń tọrọ yìí, adùn rẹ̀ kọjá kékeré. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ó ti parí. Máa lọ, kó o wá ròyìn."

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, apá òsì ṣẹ́ sí méjì. Jíìpù yí gbirigbiri, ẹsẹ̀ awọnlẹ̀ sì kán ní ojú ibi mẹ́ta. Nílé ìwòsàn, nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló jó abẹ́ ọkọ̀ náà.

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Iná-ò-jó-mi ni."

Irọ́ kọ́ nìyẹn tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́. Èyí tó jẹ́ ògidì irọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n wọ́ jíìpù náà wá sí ẹ̀yìnkùlé yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó yọjú, Àǹtí Abẹ́rẹ́ ti rán tapólì tó bá a mu rẹ́gí, ó ti fi okùn dì í nísàlẹ̀. Wẹ́dà sáré dé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Àǹtí, apá wo ló ṣẹ́? Ṣé apá òsì tí mo sọ yẹn ni?"

"Mo ti gbé apá òsì fún ẹlòmíràn ṣe," lobìnrin náà wí, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. "Apá ọ̀tún ló ṣẹ́. Tìrẹ."

Wẹ́dà ní kí àwọn ṣí i kí òun wò ó. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ní, "Kí lo tún fẹ́ wò? Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ ìyá mi tó kán kò tó ọ wò?"

Nígbà tó sọ̀tàn dé ibí yìí, Àǹtí Abẹ́rẹ́ wo àwọn méjèèjì. Iná-ò-jó-mi tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo ẹnu tí wọ́n fi ń sọ èdè àjèjì.

"Èyí tó burú jù ló kù," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀, ẹ ò kàn mọ ohun tí ẹ ń wò ni."

Ọjọ́ tí wẹ́dà wá kúnlẹ̀ níwájú awọnlẹ̀ ní pálọ̀ ni. Ìsọ̀ rẹ̀ ti ń dá, àwọn oníbàárà ń gba ọ̀nà ibòmíràn. Ó sunkún, ó ní òun kò mọ bí ọwọ́ òun ṣe ṣì í, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun. Inú ń bí awọnlẹ̀, ó ní kí ó jáde. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ló dìde lórí àga, tó gbé ọwọ́ lé àbúrò rẹ̀ léjìká. "Nítorí tèmi, dárí jì í. Ta ni kì í ṣàṣìṣe?" Awọnlẹ̀ rọ̀. Gbogbo ilé ní obìnrin yìí ní àánú lójú. Wẹ́dà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń dúpẹ́, omijé rẹ̀ ń kán sí i lọ́wọ́.

"Mo jẹ́ kó dúpẹ́," ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ wí. "Mo gba ọpẹ́ náà, mo sì jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun lọ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, èmi ń bá aṣọ mi lọ. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní àwáwí kankan."

Ó tú okùn tapólì. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ jíìpù tòun ti ẹ̀wù tó wọ̀, ó fi èékánná ya kánfáàsì náà kúrò lára irin, ó sì nà án jáde fún wọn.

Awọnlẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹsẹ̀ mi, mo lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bá mi bẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Iná-ò-jó-mi ní tirẹ̀ kọjú sí jíìpù náà. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ jíìpù, ní apá ọ̀tún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni Àǹtí Abẹ́rẹ́ ń rí. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń fi ọwọ́ ra irin náà lọ, ra irin náà bọ̀. Nígbà tó jáde, eruku àti omijé ti pò pọ̀ lójú rẹ̀.

"Tèmi kò ṣẹ́," ló wí. Ó tún un wí, bíi pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu: "Tèmi kò ṣẹ́!"

"Dárí jì mí, wẹ́dà."

"Àǹtí, ara mi ni mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú sí yín ná." Ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí òpópónà àwọn mẹkáníìkì, níbi tí orúkọ wẹ́dà ti bàjẹ́ jù, ó gun orí táyà ńlá kan, ó sì ké sí wọn. Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Àwọn kan pòṣé sí i, ó ní kí wọ́n tún un pa. Ó wá kọjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò ba nǹkan jẹ́ ná kó tó tún un ṣe, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi náà ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ fi sílẹ̀ kí ojú ayé rí i. Ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Ẹni tó bá fi ọ̀dà bo irin, bó pẹ́ bó yá, yóò fi ẹlòmíràn bo ara rẹ̀."

Òjò rọ̀, ó dá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Iná-ò-jó-mi dé ẹ̀yìnkùlé náà pẹ̀lú ìbòjú iṣẹ́ lábíyá. Kò kí Àǹtí Abẹ́rẹ́ tó bá níbẹ̀ ju kíkí lásán lọ. "Àǹtí, ẹ bọ́ ara ọkọ̀ yìí sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ gé apá òsì."

Àǹtí Abẹ́rẹ́ mú sípáná, ó sì bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti mú kí ara ọkọ̀ náà tó kúrò lórí irin. Wẹ́dà tan iná, ó pa á, ó tún tàn án. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin. Awọnlẹ̀ ti gbọ́ ariwo náà. Ó gbé àga jáde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó sì jókòó. Kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò wọlé.