Ìka Mi Ló Wà Lára Ọ̀pá Náà

Òótọ́ tí mo ti ń gbé mì látọjọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀ yìí, kí ikú tó pa mí lẹ́nu mọ́. Dókítà ti sọ fún mi láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èmi Kuwabara, tí ẹ máa ń kí ní ọ̀gá àgbà oníṣẹ́ ọwọ́, òpùrọ́ ni mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa ń bá a. Tèmi, èmi fúnra mi ni mo lọ pe òótọ́ wá, nítorí irọ́ náà ti rà sí mi nínú. Òórùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ bí mo bá jí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò yìí mọ ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí ẹ fi ń wá oògùn kòkòrò nínú tíì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbẹ̀ tíì tẹ́ ẹ dúró lọ́hùn-ún lè máà mọ inú rẹ̀. Ọ̀pá irin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n dúró ti ara wọn gbọọrọ. Iná mànàmáná tó wà lára wọn á máa fà, á sì máa tì. Bí a bá sọ omi tíì di horo kéékèèké tó ti gba iná sára, àwọn horo náà á máa jó gba àárín ọ̀pá kọjá. Èyí tó wúwo bí a ṣe fẹ́ gẹ́lẹ́ á jó dé òpin. Èyí tó fúyẹ́ jù tàbí tó wúwo jù á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, á lọ kọlu ọ̀pá, ó parí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mú oògùn kòkòrò jáde láàárín ohun tó pọ̀ bí yanrìn. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá kan, iná á kóra jọ síbẹ̀, èyí tó yẹ kó dé náà á ṣìnà.

Ní ibi iṣẹ́ wa ní Kyoto, níbi tí a ti ń ṣe ọ̀pá náà, ọ̀gá mi Isoda kọ́ wa pé ìka ọwọ́ mọ ohun tí ojú ò rí. Ìka lásán la fi ń tọ́ ọ̀pá wò bóyá ó dọ́gba, kí a tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn fífọ̀, ìbọ̀wọ́ funfun ni. Ọwọ́ lásán ò gbọdọ̀ kàn án mọ́ láéláé, nítorí ọ̀rá ara ìka, ìdọ̀tí ni. Lọ́jọ́ tí mò ń to ẹ̀rọ yín, àwọn àlejò wá wò wá. Ọ̀kan ní, “Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ìka yín ju ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ?” Orí mi wú. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi ìka ra ọ̀pá tí a ti fọ̀ tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí n tú u palẹ̀, kí n tún un fọ̀ lójú wọn, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo dé e pa. Ẹ wo àgbà òfìfo!

Chizuru Nonomura ló ń lo ẹ̀rọ náà níbí. Kò pẹ́ tó fi pè mí lórí fóònù. “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ìlà ṣóńṣó tí ẹ̀rọ yìí ń yà bó bá rí oògùn, ó là sí méjì lórí. Bí ẹ̀rọ bá tún ti gbóná báyìí, ńṣe ni ìlà náà ń rẹlẹ̀.” Mo ní, “Ọmọ, ṣé o fọwọ́ kó o tó débẹ̀? Ẹ̀rọ tèmi kì í ṣàìsàn.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo fọ̀ ọ́, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà wá wò ó.” Mo gbọ́ tí Tatewaki, olórí ilé yìí, já fóònù gbà. “Nonomura, iṣẹ́ ọwọ́ Kuwabara lo ń bá wíjọ́? Ìwọ ta ni? Dákẹ́!” Ọmọbìnrin náà dákẹ́. Mo mọ ohun tí mo ṣe, inú mi sì dùn pé ó dákẹ́.

Ẹ̀rọ náà sọ pé tíì yín mọ́. Òkè òkun ni wọ́n ti rí oògùn kòkòrò nínú rẹ̀, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀yin àgbẹ̀ dáná sun ewé tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín já. Wọ́n ní kí n wá tú ẹ̀rọ. Chizuru di iná tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Ó wà lára ọ̀pá, àpá rúsúrúsú, pẹ̀lú ìlà ọwọ́ mi, pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tí ayùn ṣá mi nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. “Ọ̀gá, kí lèyí? Ó mà jọ ìka èèyàn.” Mo da ìyẹ̀fun tí a fi ń mú irin dán sórí àkísà, mo nù ún kúrò níṣojú ẹ̀. Mo ní, “Ìdọ̀tí tíì ni. Ìwọ lo ò tọ́jú ẹ̀rọ.” Ó wo ọ̀pá, ó wo ìka mi, omi bo ojú ẹ̀. Ó ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Níbí, ní ìpàdé àárọ̀ bí irú èyí, wọ́n mú Chizuru forí balẹ̀ fún ẹ̀yin àgbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. “Ẹ foríjì mí, ọ̀gá. Mo ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́.” Mo sì mi orí bí ẹni tó dárí jì í! Mo ní, “Kò burú, ọmọdé ni ọ́.” Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja wá fún mi, mo jẹ ẹ́ mọ́ abọ́. Tùẹ́! Ajá tó jẹ èébì rẹ̀ sàn jù mí lọ. Ilé àyẹ̀wò kankan ò gba Chizuru síṣẹ́ mọ́. Ilé àlejò kan ló ti ń fọ abọ́ títí di òní.

Nígbà tí mo ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́, èsì tó fi ránṣẹ́ ò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ: “Kó lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti mú mi forí balẹ̀.” Òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń to ọ̀pá, bí ìka yín bá kàn án, ẹ tú u palẹ̀ kódà bí gbogbo ayé ń wò yín. Ìtìjú ojú ẹsẹ̀ kì í pani.

Chizuru, ọmọ mi… rárá, mi ò lẹ́nu tí mo fi lè pè ọ́ lọ́mọ. Bí o bá fẹ́ kórìíra mi títí n ó fi kú, mo gbà. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má tíì jáde, kí àwọn èèyàn yìí lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Tatewaki, ìwọ lo ní kó dákẹ́. Dìde, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.