Ẹ̀rọ Ìgéko Tí Mo Yàn Ló Lé Àbúrò Mi Kúrò Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ẹrù kan kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wúwo lórí mi. N kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílùú wa, tí kò jìnnà sí Èsìẹ́, nítorí ohun tí mo bá sọ láàárọ̀ níbí, yóò ti dé etí ẹni tí mo ń sá fún kó tó di ọ̀sán.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé wọ́n fẹ́ so yìgì mi lóṣù tó ń bọ̀. Bàbá wa ti kú. Ẹni tí yóò jókòó gẹ́gẹ́ bíi wálì mi, tí yóò fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, ni àbúrò mi. Ẹ jẹ́ n pè é ní Ìdírísù, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Òun nìkan ni ọkùnrin tó kù nílé wa. Èmi ni mo sì lé e kúrò nílé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ títí dòní.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òmù-Àrán. Ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣaláìsí, a kò bímọ, mo sì padà sílé Bàbá mi. Ìyá wa kú nígbà tí Ìdírísù ṣì kéré. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo fún un lóúnjẹ, débi pé àwọn àlejò máa ń rò pé ọmọ mi ni. Títí tó fi hu irùngbọ̀n, bí ebi bá ń pa á, orúkọ mi ló máa ń pè kó tó wo inú ìkòkò.

Bàbá ní oko kaju kan tó lọ salalu, láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé etí odò. Ẹni tó bá mọ kaju mọ̀ pé koríko ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ gbọ́dọ̀ gé abẹ́ igi mọ́lẹ̀ kí iná ìgbẹ́ má baà rí ọ̀nà gbà, kí èso tó bá sì já bọ́ lè hàn sójú. Láyé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ la máa ń bẹ̀. Àwọn ará àdúgbò á kó àdá wá, a ó se iyán fún wọn, wọn á ṣe é tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ti tú ká. Ta lẹ fẹ́ bẹ̀ lọ́wẹ̀ nísinsìnyí, àwọn àgbààgbà tí ẹ̀yìn ń dùn?

Bàbá ra katakata kékeré kan, àlòkù. Ìdírísù ló ń wà á, ẹrù ló fi ń kó. A kò ní ẹ̀rọ ìgéko tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata, èyí tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè ní silásà. Nítorí náà, bí koríko bá ti ga, a máa ń ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan ní Òmùpo. Múrítàlá ni kí ẹ bá mi pè é. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Katakata ńlá ló ní, ó ní silásà tirẹ̀, jẹ́jẹ́ ló sì máa ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá gbọ́ ìró katakata yẹn láti òkèèrè, àyà mi á máa lù. Mo máa ń gbé omi àlùwàlá lọ fún un lábẹ́ igi bí àkókò ìrun bá tó, mo sì máa ń mú wàrà dání. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tíṣà Koríko ló ń pè mí. Yóò ní, "Tíṣà Koríko, ẹ wá máàkì iṣẹ́ mi." Èmi náà á tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, màá máa tọ́ka àléébù níbi tí kò sí, kó lè padà gé e lẹ́ẹ̀kejì. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì padà gé e.

Kò sọ pé òun fẹ́ mi. Èmi obìnrin, opó, ọmọ Alájì, ṣé èmi ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìgbà koríko nìkan la fi ń rí ara wa. Bí ó bá ti lọ, màá tún máa dúró de òjò kí koríko lè hù. Ẹ rí i bí ayé mi ti rí nígbà náà, olóko tó ń gbàdúrà fún koríko.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ní ó tó gẹ́ẹ́, pé àwa náà yóò ra silásà tiwa, kí a má máa dúró de ará Òmùpo mọ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá mi, ìwọ lo mọ̀wé ọ̀gbìn. Lọ sí Ìlọrin, lọ yan èyí tó dáa wá." Inú Ìdírísù dùn, ó fò sókè. Èmi wọ yàrá, mo sì sunkún.

Ọkùnrin tó ń tà á ní Ìlọrin kì í ṣe oníjìbìtì rárá. Ó bi mí bí oko ṣe tóbi tó, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá kùkùté àti òkìtì ọ̀gán wà níbẹ̀, mo ní wọ́n wà. Ó wá bi mí pé irú katakata wo ni yóò gbé e. Ó ní ìbéèrè yẹn ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. "Oko lè fẹ̀ bó ṣe wù ú, màmá. Tí agbára katakata ò bá tó silásà, silásà á pa á ni." Ó fi méjì hàn mí. Ọ̀kan mọ níwọ̀nba, kò wúwo púpọ̀. Ìkejì fẹ̀ gan-an, irin rẹ̀ ki, ó ní bí katakata kékeré bá gbé e, táyà iwájú yóò máa fẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa mí hẹlẹ.

Mo mọ èyí tó bá tiwa mu. Wallahi, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì nìyẹn.

Síbẹ̀, mo ṣàpèjúwe katakata Múrítàlá fún un, láti orí dé táyà, bíi pé ilé wa ló wà. Ọkùnrin yẹn mi orí, ó ní a jẹ́ pé èyí tó fẹ̀ ló bá yín mu. Mo ní kó dì í.

Èrò mi ni pé katakata wa kò ní lè gbé e, a ó so ó mọ́ ti Múrítàlá, òun yóò sì máa wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ro ti Ìdírísù rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, n kò rò ó dé ibẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìdírísù so ó mọ́ katakata wa, orí katakata gbé sókè. Ó rọra gé díẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún ṣí i, ó tún kú. Ó wá bá mi ní ẹ̀yìn ilé, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ju katakata wa lọ o. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá." Mo ní kó rọra, pé yóò mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, èéfín dúdú bo ìdí kaju, ẹ́ńjìnnì katakata Bàbá sì jóná.

Bàbá pe àwa méjèèjì. Ó bi mí lójú Ìdírísù pé, "Ṣé ẹ̀rọ ló burú ni àbí ọmọ yìí?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ní, "Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ọwọ́ ẹ̀ ló le."

Ìdírísù wò mí. Kò bá mi jiyàn. Ó ti mọ̀ láti kékeré pé ohun tí mo bá sọ ni òótọ́, ó sì gba èyí náà gbọ́. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan òun mọ́ láyé. Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi di ẹrù rẹ̀, ó gba Mókwá lọ, ó lọ ń wa katakata fún àwọn olóko ńlá níbẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi tọ́jú Bàbá."

Múrítàlá dé, ó so silásà mọ́ katakata rẹ̀, ó gé oko. Ó wò ó yíká, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ju katakata tẹ́ ẹ ní lọ. Ta ló yàn án?" Mo ní àwọn tó tà á ló ṣì í fún wa. Ó fẹ́ lọ sọ fún Bàbá, nítorí kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́, pé ara Bàbá kò yá, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ó gbà mí gbọ́.

N kò ní purọ́ fún yín mọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé omi àti wàrà lọ, mo tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà délé, mo bu oúnjẹ Ìdírísù sínú abọ́ rẹ̀, mo ti bò ó kí n tó rántí pé kò sí nílé. Látìgbà náà ni àárò rẹ̀ ti ń sọ mí. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ni mo máa ń dẹ etí sí katakata rẹ̀ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó di ẹni méjì, ọ̀kan ń wá, ìkejì kò wá.

Nígbà tí àìsàn Bàbá le, ó mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Sọ fún Ìdírísù pé mo ti foríjì í." Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo kàn pe Ìdírísù, mo jíṣẹ́. Mo gbọ́ ọ tó ń sunkún lórí fóònù, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kó tó dé láti Mókwá, Bàbá ti kú, a sì ti sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ó kàn dúró níta, kò wọ yàrá Bàbá, ó sì padà.

Ní báyìí, Múrítàlá ti rán àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Ó ní láti ìgbà tí mo ti ń tọ́ka àléébù tí kò sí ni òun ti mọ̀. Ohun tí mo wá yìí, mo ti rí i. Kí ló dé tí kò dùn lẹ́nu mi bí mo ti rò?

Bí mo bá sọ òtítọ́ fún Ìdírísù, ó lè máà fẹ́ rí ojú mi mọ́, a kò sì ní ní wálì. Bí mo bá sọ ọ́ fún Múrítàlá, ó lè sọ pé obìnrin tó lè ṣe èyí sí ọmọ ìyá rẹ̀, kí ni kò ní ṣe sí òun? Bí mo bá sì dákẹ́, ọwọ́ ẹni tí mo rẹ́ jẹ ni màá ti bọ́ sọ́wọ́ ọkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìdírísù pè mí. Ó ní òun ń bọ̀, pé kò sí ohun tó lè dí òun lọ́wọ́ láti so yìgì Àǹtí òun. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bẹ̀ mí sí, pé ìdáríjì tí òun kò fi ẹnu ara òun tọrọ kò tíì tó òun. Ó ní bí òun bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kí n jọ̀ọ́ kí n tẹ̀ lé òun dé ojú oórì Bàbá, kí n kúnlẹ̀ ti òun, kí n bá òun bẹ Bàbá nítorí katakata tí òun bà jẹ́.

Mo ti gbà pé màá tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá kúnlẹ̀ tán, nínú ẹni tó wà nínú oórì àti ẹni tó kúnlẹ̀ tì mí, ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀?