Òwú Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ìdí Ọkọ̀ Dorando

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ bí a ṣe ń ya ọkọ̀ eré ìje. Ẹ ní kí n sọ ìtàn ìdí ọkọ̀ pupa yẹn, tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Mo máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ ju ọgbọ̀n lọ, dókítà sì ti ní ọkàn mi ò ní pẹ́ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ìlú Modena, ní Ítálì. Èmi ni mo ń fi igi gbẹ́ ìrísí ọkọ̀, kí àwọn alágbẹ̀dẹ tó na irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn. Ẹnjiníà Bassoli ló ya ọkọ̀ pupa náà sórí ìwé. Ó ní kí etí ìdí ọkọ̀ náà yọ sókè ní ìka mẹ́ta, kí afẹ́fẹ́ lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó bá ń sáré. Mo wò ó títí. Lójú tèmi, ó dà bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Mo sì fẹ́ mọ̀: ṣé lóòótọ́ ni irin tí kò ju ìka mẹ́ta lọ lè di odidi ọkọ̀ mú? Ohun tí mo bá ti fẹ́ mọ̀ kì í jẹ́ kí n gbádùn. Àìsàn tèmi nìyẹn. Mo fá a kù sí ìka kan. Nígbà tí ọ̀gá wa rí i, ó pariwo pé, "Háà! Ẹwà rèé o!" Ta ni yóò ta ko ohun tí ọ̀gá ti yìn? Bassoli kàn wò mí, ó ní, "Kò burú. Òwú ló máa sọ."

Láyé ìgbà yẹn, òwú la fi ń rí afẹ́fẹ́. A ó lẹ òwú kéékèèké mọ́ ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọkọ̀ kejì á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì máa wò ó. Bí òwú bá sùn gbọọrọ, ọkàn balẹ̀. Bó bá ń jó, wàhálà ń bọ̀. Dorando Vaccari ló ń wa ọkọ̀ àdánwò fún wa, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dán ọkọ̀ náà wò, èmi ni mo wà nínú ọkọ̀ kejì tí mò ń wo òwú, nítorí ọ̀sán ni Bassoli ń bọ̀. Òwú iwájú sùn. Òwú ìdí ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tí èèrà wọ̀ lẹ́wù.

Dorando sọ̀ kalẹ̀. "Ermes, báwo ló ṣe rí? Ìdí ọkọ̀ yìí fúyẹ́ sí mi o."

"Ojo ló ń mú ẹ," mo ní. "O ti ń darúgbó."

"Èmi kẹ̀? Bí ojo bá mú mi, kí Norina lé mi síta!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Norina ni ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà nídìí oúnjẹ, mo yọ́ jáde pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, mo sì lẹ gbogbo òwú ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pátá, láti orí dé ìrù. Ẹ má sọ pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tí Bassoli dé, tó wà nínú ọkọ̀ kejì tó wò ó bí Dorando ṣe rọra ń sáré, òwú kankan ò mira. Ó ní, "Ermes, má bínú, mo ti rò ẹ́ sí ibi. Dorando, ó yá, tẹ̀ ẹ́ dópin!"

Dorando tẹ̀ ẹ́. Ìdí ọkọ̀ gbéra nílẹ̀, ọkọ̀ pòyì, ó sì lọ fọ́ yángá nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí n tó ké orúkọ ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: "Áà, òótọ́ ni. Irin kékeré yẹn ń di ọkọ̀ mú." Inú mi dùn díẹ̀ pé mo ti mọ̀. Irú èèyàn wo ni mí?

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀gá pè mí, ó ní, "Kí ni Dorando mu lọ́sàn-án?" Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tí kì í mu wáìnì Lambrusco lọ́sàn-án, àfi awakọ̀ àdánwò. Omi ni Dorando mu. Èmi gan-an ni mo bù ú fún un. Mo dáhùn pé, "Ọ̀gá, ó mu Lambrusco, kò sì mu díẹ̀." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Lẹ́yìn náà mo dá ìka mẹ́ta Bassoli padà sórí igi, mo ní nítorí àwọn awakọ̀ tí ọwọ́ wọn ò dúró ni. Ìyẹn ni ìdí ọkọ̀ tí ẹ ń yìn.

Orí tí Dorando fi gbá ọkọ̀ ti gba gbogbo ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí nǹkan kan. Nílé ìwòsàn, ó di ọwọ́ mi mú. "Ermes, wọ́n ní mo mutí. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni," mo ní.

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, a jẹ́ pé mo mu ún nìyẹn." Ó sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Norina ló ń fi ọkọ̀ gbé e kiri.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, mo lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Norina ti wà nínú ọkọ̀, ó ń dúró dè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dorando: igi, òwú, Lambrusco. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ni?"

"Kì í ṣe ọwọ́ ẹ."

"N ò mutí?"

"Omi lo mu, Dorando."

Mo ń retí ìgbájú. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. "Norina, sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Bàbá yìí, ṣé orí ẹ pé?"

"Mo ní o sún!"

Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Norina ń pariwo, Dorando sì wa ọkọ̀ náà lọ. Mo dúró níbẹ̀ títí n ò fi gbúròó wọn mọ́.

Láti ìgbà náà, kò gbé ìpè mi. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. N ò ní kó dárí jì mí kíákíá. Mo ti ba ayé rẹ̀ jẹ́. Kó ṣáà wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sílé mi kí n tó kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ wá gbá mi létí ni.